Ta Ni A Jọ Pààlà?

Bàbá mi, Fápohùndà, fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀
fún sọ̀féyọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Òun kọ́ ló ń wo awò, òun kọ́ ló ń kọ nọ́ńbà;
òun ni ẹni tí ń wọ inú ẹ̀gún lọ,
tí ń di orí ẹ̀wọ̀n mú,
tí ń kígbe láti inú igbó pé, "Ó dé o!"

Ọ̀mùò la wà, níbi tí Èkìtì ti ń tán.
Bí o bá gba ojú ọ̀nà Kàbbà jáde,
wàá rí pátákó kan tó ti dípẹtà
tó ń sọ fún ọ pé ó dìgbóṣe.
Koríko ìdí rẹ̀ kò gbọ́.
Ewúrẹ́ ń jẹ̀ kọjá, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lánàá, ní kíláàsì, Ìbíyẹmí nawọ́ sókè,
ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí òjò bá ń lu páànù
kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ.
Kò sí òjò lánàá.
"Tíṣà, bí sánmà bá tán, kí ló kàn?"
Mo ní kó jókòó, mo ní agogo ti lù.
Agogo kò tíì lù.

Ní alẹ́, wọ́n mú iná lọ. Mo jáde
sórí àpáta tí a ń sá ẹ̀gẹ́ sí lẹ́yìnkùlé,
mo fẹ̀yìn lélẹ̀.
Ooru ọ̀sán ṣì wà lára òkúta:
oòrùn ti lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán.
Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí mo ń wò náà
ti gbéra kí wọ́n tó bí ẹni tó tẹ Ọ̀mùò dó;
bóyá ẹni tó rán an níṣẹ́ ti kú,
iṣẹ́ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ìwé ní ibìkan wà lọ́hùn-ún
tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò tíì rìn dé ọ̀dọ̀ wa,
pé sánmà ń fẹ̀ sí i, ó ń sá fún ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n.
Èmi a máa pe ibẹ̀ ní òpin fún àwọn ọmọ.
Mo purọ́. Ibi tí ojú mọ nìyẹn,
kì í ṣe ibi tí ohun gbogbo mọ.

Mo ro ògiri. Ògiri wo ni kò ní ẹ̀yìn?
Mo ro òfìfo, ó rẹ̀ mí:
òfìfo pàápàá, inú igbá ló ń gbé.

Mo wá rántí ọjọ́ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò
yọ àdá síra wọn nídìí pèrègún.
Bàbá mi lọ jókòó sórí òpó sìmẹ́ńtì,
ó ń fi pákò rìn eyín.
"Ẹnìkan kì í dá pààlà," ló wí.
"Bó o bá rí ojú òpó yìí,
ẹnìkan ń bẹ lódìkejì tó ń rí ẹ̀yìn rẹ̀.
Ẹ lọ ulé, ẹ lọ jẹ uṣu."
Wọ́n rẹ́rìn-ín, àdá sì padà sákọ̀.

Nítorí náà, bí sánmà bá ní ààlà,
ta ni a jọ pa á?
Ọmọ afaẹ̀wọ̀n kan lè wà lọ́hùn-ún
tó fẹ̀yìn lé àpáta tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́,
tó ń nàka sí apá ibí, sínú òkùnkùn,
tó ń sọ fún ọmọ iléèwé rẹ̀ pé,
"Ibẹ̀ yẹn lòpin."
Ọ̀mùò wa nìyẹn o. Ewúrẹ́ wa. Pátákó wa.

Ẹ̀wọ̀n bàbá mi ṣì wà lájà,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínláàádọ́rin, ìpẹtà ti bò ó.
Lọ́la n ó gbé e lọ síléèwé.
N ó fi orí rẹ̀ lé Ìbíyẹmí lọ́wọ́,
n ó ní kó máa lọ, kó la pápá kọjá,
kó wọ inú ẹ̀gún,
bó bá nà gan, kó kígbe.
Èmi ó dúró síbí, n ó di ìdí rẹ̀ mú.
Mo fẹ́ gbọ́ bóyá "Ó dé o" ni yóò pè
tàbí "Ó kù."